Lúùpù tí a rà àti lúùpù tí a fọwọ́ ara wa ṣe: èwo ló yẹ ẹni tó ń gbọ́ shortwave ní Ìkòròdú?

Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àdúgbò wa ní Ìgbógbó ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọn ará ilé á figbe ta pé "Wọ́n tún ti ṣe é!" Ní tèmi, ìdí rédíò ni mò ń sáré lọ. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pẹ́ tán mẹ́wàá, kí jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ tó dún. Láàárín ìgbà yẹn, ariwo tó ti bo 31 mítà, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ìkànnì shortwave, láti ìrọ̀lẹ́ á dákẹ́ wẹ́lo, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí n kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ á sì máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo áńtẹ́nà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, pàápàá lúùpù, áńtẹ́nà tí a ká bí òrùka. Kì í ṣe pé ohùn kò dé Ìkòròdú. Ó ń dé. Ariwo ilé ló ń bò ó mọ́lẹ̀: ṣájà fóònù, gílóòbù LED, ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà, àti púlọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé áńtẹ́nà wo ló ń gbọ́ jù, èmi náà á bi í pé èwo ni ariwo rẹ̀ kéré jù.

Ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìkòròdú kan náà yìí ni Ohùn Nàìjíríà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rán ohùn sókèèrè lórí 15120 àti 7255 kHz, kí wọ́n tó kọ́ ibùdó tuntun sí Lugbe, l'Abuja. Àwọn tó wà ní Jámánì ń gbọ́ Ìkòròdú ketekete nígbà náà. Àwa tó wà nínú Ìkòròdú gan-an la wá ń wá ọ̀nà àtigbọ́ ti ẹlòmíràn.

Wáyà gígùn ńkọ́?

Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Mítà mẹ́wàá sí ogún, láti ojú fèrèsé dé orí igi máńgòrò, ó parí. Kò wọ́n, kò sì jẹ iná. Ẹni tó ń gbé ní ìkángun Ìjẹ̀dẹ̀, tàbí ní eréko Ẹ̀pẹ́ níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì, n kò ní sọ pé kó pa tirẹ̀ tì. Wáyà mítà 20 pẹ̀lú tíráńsífọ́mà 9:1 nídìí rẹ̀ á ṣe é lóore ju ọ̀pọ̀ lúùpù tí wọ́n ń tà lọ.

Láàárín ìlú ni ọ̀rọ̀ ti dà rú. Wáyà gígùn kò pé tán, ìdajì áńtẹ́nà ni. Ìdajì kejì ni kóásì (wáyà tó ń gbé ohùn láti áńtẹ́nà wá sí rédíò) tó wọlé àti gbogbo wáyà iná tí rédíò so mọ́ nípasẹ̀ ṣájà rẹ̀. Ariwo kò nílò kó gun igi máńgòrò lọ bá a. Inú ilé ló ti ń bá a jẹun nínú àwo kan náà. Ká má tíì sọ ti bàbá lándílọ́ọ̀dù, tí kò fẹ́ rí wáyà kankan tó gba orí òrùlé rẹ̀ kọjá.

Lúùpù ní tirẹ̀, òrùka ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ọwọ́ òsì rẹ̀ dọ́gba, kò sì nílò ilẹ̀ tàbí wáyà ilé láti pé. Ẹ óò kà á káàkiri pé òòfà inú ìgbì nìkan ni lúùpù ń gbọ́, pé ariwo iná kì í wọ̀ ọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àbùmọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé lúùpù sí ẹ̀gbẹ́ ìnfátà, á gbọ́ ìnfátà yékéyéké. Èrè rẹ̀ gan-an méjì ni. Àkọ́kọ́, kò nílò gíga: mítà méjì sókè ilẹ̀ tó o, nítorí náà ẹ lè gbé e lọ sí ìkángun ọgbà, jìnnà sí ilé. Èkejì, ẹ lè yí i.

Nínú èdè wa, etí kan náà ni etí odò àti etí tí a fi ń gbọ́rọ̀. Ó bá lúùpù mu gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá gbé òrùka náà dúró bí àwo tí a fi etí rẹ̀ nà ró, etí yẹn ló fi ń gbọ́. Ojú rẹ̀ adití ni. Ẹ wá kọ ojú rẹ̀ sí ìnfátà aládùúgbò. Ariwo tó ń ti ìtòsí wá ń rìn lórí ilẹ̀ gbọọrọ, ó á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ohùn tó ń ti òkè sánmà bọ̀ kì í pòórá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ibi tó ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má retí iṣẹ́ yìí lókè 15 MHz bí ẹ ṣe rí i ní 6 MHz. Àyíká òrùka tó fẹ̀ ní mítà kan jẹ́ mítà 3.14, ìgbì 30 MHz kò ju mítà 10 lọ, òrùka kì í wá ṣe kékeré mọ́ lójú rẹ̀.

Èyí tí à ń yí àti èyí tó ń gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan

Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ̀ pé irú lúùpù méjì ló wà.

Irú kan ní kọ̀ńdẹ́ńsà aláyìípo lẹ́nu, èyí tó wà nínú rédíò tàǹsísítọ̀ ayé àtijọ́ tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Sábo ṣì ní nínú páálí. Òrùka páìpù kọ́pà tó fẹ̀ ní mítà kan pẹ̀lú kọ̀ńdẹ́ńsà 365 pF á gbọ́ láti nǹkan bí 4.8 MHz dé 16 MHz. Ìyẹn ti kó 49 mítà, 41, 31, 25 àti 19 mọ́ra. Ẹ ó ṣe òrùka kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ti ńlá, ẹ ó gbé e kọ́ sínú ti ńlá ní òdìkejì ibi tí kọ̀ńdẹ́ńsà wà, òun ni á máa gbé ohùn lọ sí rédíò. Kò jẹ iná rárá. FM Èkó kò lè dà á láàmú, nítorí pé ibi tí ẹ bá yí i sí nìkan ló ń gbọ́. Fún ẹni tó ní rédíò alágbèéká kan ṣoṣo, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, n kò tíì rí èyí tó dára tó o.

Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ti tóbi jù fún mi: bí ẹ bá ti kúrò lórí ìkànnì kan, ẹ gbọ́dọ̀ tún un yí. Ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín, nínú ilé, nínú ariwo tí à ń sá fún.

Irú kejì ni lúùpù tó ń gba gbogbo ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà, tí a lè gbé sẹ́yìn ilé kí a gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ rọrùn. Bí ìgbì bá ṣe ń yára sí i ni agbára tó ń hù nínú òrùka ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni òrùka ṣe ń dí iná lọ́wọ́ sí i. Méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Bí áńpílífáyà tó ní ẹnu gbayawu, tí ìdíwọ́ ẹnu rẹ̀ kò ju ọ́ọ̀mù díẹ̀ lọ, bá wà nídìí òrùka, ohun tó ń wọlé á dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹni tó bá ki òrùka lásán bọ rédíò, tí kò fi nǹkan kan sáàárín, á ní lúùpù kò wúlò.

Bí ẹ bá fẹ́ rà

MLA-30+ ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọ̀ jù lówó nínú àwọn tó ní áńpílífáyà. Ṣáínà ló ti ń wá, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ń gbọ́ dé 30 MHz. Nínú páálí ẹ óò rí áńpílífáyà nínú àpótí kékeré, wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó ká sí òrùka tí kò tó mítà kan ní fífẹ̀, kóásì tẹ́ẹ́rẹ́, àti àpótí kejì tó ń gba iná USB 5 V, tó sì ń rán an gòkè nínú kóásì kan náà. Áńpílífáyà yẹn kò burú rárá sí iye rẹ̀. Wáyà irin yẹn, ẹ fi sá aṣọ.

YouLoop tí ilé-iṣẹ́ Airspy ń ṣe yàtọ̀ pátápátá: kò ní áńpílífáyà, kò sì jẹ iná. Kóásì tó ká wọ báàgì ni, pẹ̀lú ìsopọ̀ kékeré méjì tó so ó pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Nítorí pé kò ní áńpílífáyà, kò fi ariwo ti ara rẹ̀ kún un, ohùn ńlá kò sì lè pá a lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé wá kéré gan-an, rédíò tí etí rẹ̀ mú bí Airspy HF+ Discovery ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ so ó mọ́ RTL-SDR olówó pọ́ọ́kú (irú rédíò SDR, èyí tí a ń fi kọ̀ǹpútà gbọ́), ẹ óò rò pé ó ti kú.

Ti LZ1AQ (orúkọ ìpè ẹni tó ṣe é lórí rédíò nìyẹn), láti Bulgaria, áńpílífáyà lásán ni ẹ ń rà. Ẹ̀yin lẹ ó ṣe òrùka. Iná 12 V rẹ̀ àti ohùn jọ ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà kan náà, wáyà tí kò wọ́n ní Èkó. Ó ń gba òrùka méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè kọ ojú ọ̀kan sí ìlà oòrùn, kí ẹ kọ ti èkejì sí àríwá, kí ẹ sì máa ti inú ilé paarọ̀ wọn láìjáde sínú òjò. Nínú gbogbo èyí tí mo dárúkọ, òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń béèrè iṣẹ́ jù. Wellbrook ALA1530 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n àwọn yòókù, ó dára, ó wọ́n, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù nìyí: apá tó ṣe pàtàkì jù lára lúùpù, Ìkòròdú ló wà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fíríìjì àti ẹ́síì ṣe. Páìpù kọ́pà 3/8 íńṣì tí wọ́n ń lò ti ká wá láti ọjà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òrùka fúnra rẹ̀. Mítà mẹ́ta àti díẹ̀ tó.

Kí ló dé tí páìpù fi sàn ju wáyà? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìdíwọ́ tí òrùka ń ṣe fún iná ni àwọn onímọ̀ ń pè ní inductance. Òrùka wáyà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 65, tí wáyà rẹ̀ nípọn tó mílímítà kan àbọ̀, inductance rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2.5 µH. Òrùka páìpù 3/8 íńṣì tó fẹ̀ ní mítà kan jẹ́ nǹkan bíi 3 µH. Ó dà bí ẹni pé páìpù pàdánù. Àmọ́ ẹ wo àyè inú òrùka: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 0.33 m², ti èkejì 0.79 m². Ẹ fi inductance pín àyè, ẹ óò rí i pé òrùka páìpù ń gbé ìlọ́po méjì fún áńpílífáyà kan náà. 6 dB nìyẹn, ẹ kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó áńpílífáyà. Bó bá jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà lẹ fi ṣe òrùka mítà kan, inductance á fò sókè dé nǹkan bíi 4.1 µH, á sì jẹ lára èrè tí ẹ rí nínú fífẹ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn mi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í ṣe "rà á" tàbí "ṣe é," bí kò ṣe méjèèjì: ẹ ra áńpílífáyà olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ ṣe òrùka fúnra yín. Bí kọ́pà bá wọ́n jù, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù, wọ́n ní pẹlẹbẹ tó gùn dáadáa. Alumíníọ̀mù kò gba jọ́ọ̀ǹtì tí a fi òjé jó bí kọ́pà, nítorí náà bóòtù aláìdípata ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ fi gíríìsì bò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí kọ́pà àti alumíníọ̀mù fara kan ara wọn lójú òjò. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti ọ̀sà wá á jẹ ibẹ̀ tán, ẹ ó wá máa gbọ́ ariwo tí ẹ rò pé ti aládùúgbò ni.

Páìpù funfun àwọn púlọ́mbà ni kí ẹ fi ṣe òpó. Ẹ má fi irin ṣe apá tó wà láàárín òrùka.

Ẹ̀kọ́ tí mo fi owó mi kọ́: àpótí áńpílífáyà mi àkọ́kọ́, mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú rẹ̀ pátá, inú mi ń dùn pé omi kò lè wọlé. Omi wọlé. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wọ ibi tí kóásì gbà, ó di omi lóru, kò sì rí ibi jáde. Nígbà tí mo fi máa ṣí i ní oṣù keje, odò kékeré ni mo bá nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń lu ihò kékeré kan sí ìdí àpótí.

Iná tí ẹ fi bọ́ ọ

Àbúrò mi kan ní Sábo pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra lúùpù náà o. Ariwo nìkan ló ń gbọ́."

"Níbo lo gbé e sí?"

"Fèrèsé pálọ̀, ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n."

"Kí lo fi ń bọ́ ọ?"

"Ṣájà fóònù mi ni, sà."

Kò sí ohun tó ṣe lúùpù rẹ̀. Ṣájà fóònù jẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré tó ń tàn ariwo ká, àbúrò mi ló sì ki í tààrà bọ ẹnu áńpílífáyà. Mo ní kó fi páwà báńkì bọ́ ọ lálẹ́ yẹn, ariwo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí ìdajì. Àwọn páwà báńkì kan náà ní ariwo tiwọn, nítorí pé wọ́n ń sọ 3.7 V di 5 V. Èyí tó mọ́ jù ni bátìrì 12 V irú èyí tó ń wà nínú UPS, pẹ̀lú 7805, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ 12 V di 5 V, tí a lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ irin kí ó má gbóná jù. Áńpílífáyà tó bá ń jẹ 150 mA, bátìrì 7 Ah á gbé e fún ogójì wákàtí ó lé díẹ̀. Ẹ má sì gba iná bátìrì tí ṣájà sólà ṣì wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn iná, kóásì. RG6 tí àwọn tó ń so díìṣì ń lò wà níbi gbogbo, 75 ọ́ọ̀mù ni dípò 50, kò sì ṣe nǹkan kan fún ẹni tó kàn ń gbọ́. Ara ìta kóásì ni ariwo ilé ń gbà lọ bá lúùpù lẹ́yìn ọgbà, bí èèrà ṣe ń tọ okùn. Kí ẹ dí i lọ́nà, ẹ wé kóásì tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá sí méjìlá mọ́ òrùka fẹ́ráìtì (òrùka dúdú tó ń dí irú ariwo bẹ́ẹ̀) mix 31, irú FT240-31, kí ó tó kan rédíò. Bí ẹ kò bá rí i rà, fẹ́ráìtì tó wà lọ́rùn tẹlifíṣọ̀n alẹ́yìn ayé àtijọ́ kò dára tó o, ó sàn ju òfo lọ. Bó bá jẹ́ owó òrùka fẹ́ráìtì yìí nìkan ló kù lápò yín, ẹ rà á kí ẹ tó ra áńpílífáyà tuntun. Ohun tí mo ń jà fún láti òkè wá nìyẹn.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé ọlọ́pọ̀ èrò, tó ní rédíò alágbèéká: lúùpù oníkọ̀ńdẹ́ńsà, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá fi lúùpù oníáńpílífáyà sára rédíò kékeré, ohùn á pọ̀ jù fún un, ilé-iṣẹ́ kan á máa gun òmíràn lórí. Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ DX àti Local sí lára, ẹ yí i sí Local.

Ẹni tó ní SDR, tó sì ní ọgbà: páìpù kọ́pà pẹ̀lú áńpílífáyà olówó pọ́ọ́kú lákọ̀ọ́kọ́, kí ó dé LZ1AQ nígbà tí owó bá dé. Ẹ fi asẹ́ tó ń sẹ́ FM dànù sáàárín áńpílífáyà àti rédíò bí ilé yín bá sún mọ́ òpó ilé-iṣẹ́ rédíò. FM Èkó pọ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò pẹ̀lú HF+ Discovery, kó mú YouLoop, kó má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ará Àgbádárìgì ní oore kan tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Lúùpù ń gbọ́ medium wave náà, ibẹ̀ sì ni yíyí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ gbìyànjú 1566 kHz lálẹ́, TWR, ilé-iṣẹ́ rédíò Kristẹni, láti Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, kí ẹ fi ìkànnì yẹn kọ́ bí ẹ ó ṣe máa yí òrùka títí ohùn á fi lọ, tí á tún fi padà.

Ohun kan wà tí kò sí lúùpù tó lè tún un ṣe. Ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, àwọn ohùn kan á máa gbọ̀n bí ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ síwájú fáànù. Ìlà tó pín òòfà ayé sí méjì gba àríwá Nàìjíríà kọjá, sánmà tó ń dá ìgbì padà fún wa sì máa ń hó bí omi gbígbóná ní àkókò yẹn. Ẹ má tú áńtẹ́nà yín palẹ̀ nítorí ẹ̀. Ẹ dúró di aago méjìlá.

Bí òjò bá ń ṣú bọ̀ láti ojú ọ̀sà, ẹ yọ kóásì kúrò lára rédíò, kí ẹ sì ju orí rẹ̀ síta fèrèsé. Yíyọ ọ́ sórí tábìlì kò tó. Tèmi wà lórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, lọ́jọ́ tí àrá sán sí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé. Mo ra áńpílífáyà tuntun, mo ra kọ̀ǹpútà tuntun. Páìpù kọ́pà ni kò ṣe é ní nǹkan kan, òun ló ṣì wà lórí òpó títí di òní.